Ríìlì Olówó Gọbọi Tàbí Olówó Pọ́ọ́kú: Èwo Ló Yẹ Ẹni Tó Ń Pẹja Ní Dáàmù Kampe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ìsánlú. Ní Sátidé, mo máa ń lọ fi ìwọ̀ pẹja létí dáàmù Kampe ní Omi, ẹpìyà àti àrọ̀ ni mo sì máa ń rí jù. Okùn tí mò ń fi ọwọ́ jù ti sú mi, mo fẹ́ ra ọ̀pá pẹ̀lú ríìlì, ẹ̀rọ tó ń ká okùn. Ẹnì kan tó ń tà á ní Lọ́kọ́jà fi ọ̀kan olówó pọ́ọ́kú hàn mí, wọ́n kọ ọ́ sí páálí rẹ̀ pé bíárìn 13 ló wà nínú rẹ̀. Àbúrò ìyá mi tó wà ní London sì ní òun lè fi Shimano Stella, ríìlì olówó gọbọi kan, ránṣẹ́ sí mi. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Okun o, àbúrò mi. Má mú ìkankan nínú méjèèjì. Ríìlì tí kò wọ́n jù, àmọ́ tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Shimano, Daiwa tàbí Penn gan-an, ni kí o wá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tú ríìlì, kí n sì máa tò ó padà, ohun tí mò ń bá nínú wọn ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Stella dára, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ju ìwọ̀, tó ń ká a, tó tún ń jù ú láti àárọ̀ di alẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi mágínísíọ̀mù, irin kan tí kò wúwo, ṣe ara rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ìwọ máa kó ekòló sẹ́nu ìwọ̀, o máa jù ú lẹ́ẹ̀kan, o máa gbé ọ̀pá lé igi ẹlẹ́ka méjì, o máa wá jókòó dè é. Kí ni fífúyẹ́ fẹ́ ṣe fún ọ níbẹ̀? Bí wọ́n ṣe dí i pa kí omi má wọlé náà, iyọ̀ òkun ni wọ́n ń sá fún, omi Kampe kò sì ní iyọ̀. Bí nǹkan kan bá wá kán nínú rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti máa wá pààtì rẹ̀, ọ̀pá rẹ á sì wà nílé títí á fi dé.

Ní ti bíárìn 13 yẹn, má jẹ́ kí ó mú ọ lójú. Bíárìn mẹ́rin tó jẹ́ ojúlówó sàn ju 13 tí ìpẹtà máa jẹ láàárín òjò kan. Ohun tó ń ba irú ríìlì bẹ́ẹ̀ jẹ́ wà níbòmíràn: ara rẹ̀ tó jẹ́ rọ́bà lásán máa ń tẹ̀ bí ẹja ńlá bá fà á, jíà kò ní bára mu mọ́, eyín rẹ̀ á sì fá.

Èyí tó ká mi lára jù ni díráàgì, ìyẹn kókó tí a ń yí lórí kẹ̀kẹ́ okùn. Òun ló ń jẹ́ kí okùn máa jáde díẹ̀díẹ̀ kó má bàa já nígbà tí ẹja bá ń fà. Àrọ̀ kì í fà lẹ́ẹ̀kan kó tán. Ó máa fà, ó máa dúró, ó máa gbọn orí, ó tún máa fà lọ sábẹ́ gbòǹgbò igi. Gbogbo ìgbà tó bá tún bẹ̀rẹ̀ ni díráàgì tí kò dára máa ń lẹ̀ mọ́ra, tó bá wá já sílẹ̀ lójijì, okùn ti lọ nìyẹn, ẹja ti lọ. Nítorí náà, má wo kílò gọbọi tí wọ́n kọ sí páálí. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni kí o wò.

Ní ìsọ̀, kí o tó sanwó, yí ọwọ́ ríìlì náà jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá ń ṣe ọ́ bíi pé iyanrìn ń lọ̀ nínú rẹ̀, fi í sílẹ̀. Fa orí rẹ̀, ìyẹn apá tó ń wé okùn sórí kẹ̀kẹ́, sẹ́yìn: kò gbọdọ̀ yí padà kó tó dúró. Ní kí wọ́n fún ọ ní okùn díẹ̀, dè é mọ́ kẹ̀kẹ́, rọ díráàgì sílẹ̀ díẹ̀, kí o fà á. Bó bá lẹ̀ mọ́ra kó tó jáde, má rà á. Fi okùn yẹn gba orí róólà kékeré tó wà létí wáyà tó ń darí okùn sórí kẹ̀kẹ́, kí o rí i pé ó ń yí, torí róólà tó dúró gbagidi máa ń gé okùn, ó sì máa ń lọ́ ọ pọ̀.

Ìwọ̀n 3000 tàbí 4000, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí ríìlì ṣe tóbi tó, tó ọ. Bí wọ́n bá kọ 5.2:1 sí i, ó túmọ̀ sí pé bí o bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, orí rẹ̀ máa yí ju ìgbà márùn-ún lọ díẹ̀. Ìyẹn dára fún fífa àrọ̀. Èyí tó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń wúwo lọ́wọ́ nígbà tí ẹja bá dúró sísàlẹ̀.

Owó tó bá ṣẹ́ kù, fi ra okùn gidi. Okùn tó máa ń bá ríìlì olówó pọ́ọ́kú wá ti gan, tú u dànù. Ra náílọ́ọ̀nù tó lè gbé kílò 6, wé e títí tó fi ku díẹ̀ kó kan etí kẹ̀kẹ́. Kí o lè mọ ibi tó yẹ kí díráàgì wà, dè é mọ́ piọ wọ́tà mẹ́ta, oníwọ̀n 50cl, nínú àpò kan: ìyẹn kílò kan àtààbọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára okùn. Yí díráàgì títí tí okùn á fi máa jáde jẹ́ẹ́jẹ́ bí o bá fi ọwọ́ gbé ríìlì sókè. Ibẹ̀ ni kí o fi sí.

Bí o bá délé, nu ríìlì pẹ̀lú aṣọ tútù, má rì í sómi. Tú díráàgì sílẹ̀ kó sinmi. Kán ẹ̀kán epo ẹ̀rọ kan péré sí róólà. Eruku ọyẹ́ máa ń wọ ibi gbogbo, nítorí náà fi àpò aṣọ bò ó.

Bó bá jẹ́ pé Odò Ọya ní Lọ́kọ́jà lò ń lọ, tí ò ń wá ẹja tó wúwo, mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ríìlì ńlá tí ara rẹ̀ jẹ́ irin gidi ló yẹ, kí o sì náwó sí i. Ṣùgbọ́n Kampe lo kọ̀wé nípa rẹ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò ìyá rẹ, kí o ní kó fi ríìlì 4000 tí kò wọ́n, kẹ̀kẹ́ okùn kan sí i, àti páálí ìwọ̀ kéékèèké tó mú dáadáa (torí ẹnu ẹpìyà kéré) ránṣẹ́ dípò Stella.