Màmá, ẹ̀rí ni kóòtù fẹ́, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀

Màmá, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ẹ ní káńsù ti gba láísẹ́ńsì takisí ọmọ yín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹ sì ń wá pásítọ̀ àti àwọn àgbà ọmọ Ìbàdàn tó wà lọ́hùn-ún láti bá a bẹ̀ wọ́n. Mo wa takisí níhà àríwá ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà sí Mọ́níyà, wọ́n sì gba tèmi náà rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ẹ̀bẹ̀ yẹn dúró ná.

Láti ìgbà tí lẹ́tà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọjọ́ 21 péré ló ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kóòtù májísíréètì. Kó wo lẹ́tà náà dáadáa. Bí wọ́n bá kọ 61(2B), abala òfin tó ń mú kí gbígbà náà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé èrò kankan títí ẹjọ́ yóò fi parí. Bí kò bá sí, tó sì pẹjọ́ lásìkò, ó lè máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òfin takisí wọn ti ọdún 1976 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀.

Ní Ìwó Road níbí, bí wọ́n bá gba ọkọ̀ ẹni, a ó wá ẹni tó mọ alága, a ó dọ̀bálẹ̀. Lọ́hùn-ún, "mo níyàwó, mo lọ́mọ, mo ń san owó ilé" kò wọ̀ wọ́n létí. Láti 2002 ni ilé ẹjọ́ gíga wọn ti là á mọ́lẹ̀ pé ìṣòro ilé awakọ̀ kọ́ ni àwọn ń wò. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: ṣé a lè fi ọmọ wa nìkan sínú ọkọ̀ ọkùnrin yìí?

Nínú ẹjọ́ tèmi, obìnrin kan tí mo gbé ló sọ pé mo bú òun, mo sì já òun sílẹ̀ lójú títì tó ṣókùnkùn. Kò wá sí kóòtù rárá. Ìwé tó kọ ni wọ́n kà, òfin sì gbà á láyè, èyí tó dùn mí wọra. Àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ń fún wa ní èrò ló gbà mí: ibi tí ọkọ̀ dúró, àkókò tó dúró, àti àdírẹ́sì tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó pè. Àdírẹ́sì kan náà ni. Adájọ́ tó jókòó láàárín fi ìka tọ orúkọ títì náà lórí ìwé méjèèjì, ó sì tì wọ́n sọ́dọ̀ àwọn méjì yòókù.

Wọ́n dá láísẹ́ńsì mi padà. Owó lọ́yà kò padà o, nítorí bí káńsù bá ṣe é pẹ̀lú ọkàn rere, kóòtù kì í sábà ní kí wọ́n san án. Ẹni tó bá sì pàdánù lè san ti káńsù mọ́ tirẹ̀. Ẹ múra owó sílẹ̀.

Kó má sá lọ gba láísẹ́ńsì ní káńsù míì. Òfin takisí ti 2022 ti mú kí wọ́n máa kọ orúkọ ẹni tí wọ́n gba láísẹ́ńsì rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo wọn ń yẹ̀ wò.

Pásítọ̀ lè kọ lẹ́tà, àmọ́ kó kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí nípa ìwà ọmọ náà, kó sì sọ pé òun mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Ṣùgbọ́n lónìí, kí ọmọ yín kọ́kọ́ bèèrè àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀, kó sì yọ fídíò kámẹ́rà ọkọ̀ pamọ́, torí tuntun máa ń pa àtijọ́ rẹ́ nínú rẹ̀.