Ṣé Ó Burú Tí Mo Bá Ní Kí Wọ́n Fún Mi Lówó Torí Màmá Wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, telọ ni mí, èmi ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Ó ti di ọdún méjì tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe màmá wa, èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, tí mò ń fún wọn lóúnjẹ, tí mò ń yí wọn padà lóru kí ara wọn má baà di egbò. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní London, èyí obìnrin wà n'Íbàdàn, wọ́n ń fowó oògùn ránṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ní kí wọ́n máa fún èmi náà ní nǹkan lóṣooṣù, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pariwo lórí WhatsApp pé ṣé mo fẹ́ fi ìyá tó bí mi ṣòwò ni, pé kí tiẹ̀ ni mò ń ṣe nílé. Mo sunkún títí. Ṣé mo ṣẹ̀ ni? Ọmọ Ìyá

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, o ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. "Kí lò ń ṣe nílé" yẹn ló dùn mí jù, torí ẹni tó bá ti tọ́jú ẹni tí ẹ̀gbà ṣe rí mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣú kéèyàn ní iṣẹ́ ti parí.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 ni ₦70,000, ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, á ṣe bíi wákàtí 208 lóṣù. Ìwọ ńkọ́? Ká ní wákàtí 14 lójúmọ́ pẹ̀lú ti òru, kò sí Sọ́ńdè, kò sí ọjọ́ ọdún, wákàtí 420 nìyẹn, ìlọ́po méjì, á jẹ́ pé bíi ₦140,000 ló yẹ kí wọ́n san fún àlejò tó bá ń ṣe é, èyí tó kéré jù ni mo sọ yẹn o, kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì. Mi ò tíì ka aṣọ Iléyá àti ti Kérésì tí àwọn kọ́sítọ́mà ti gbé lọ fún telọ míì, ọmọ iṣẹ́ tó ti bá tiẹ̀ lọ, àjọ tí o ò lè dá mọ́. Ìwọ náà ń dáwó, nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìwọ lo tiẹ̀ ń dá èyí tó pọ̀ jù, kò kàn gba báǹkì kọjá ni.

Kì í ṣe ìwọ nìkan. Ní 2018, ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ní wákàtí bílíọ̀nù 16.4 làwọn èèyàn ń lò lójoojúmọ́ lórí ìtọ́jú ọmọ, arúgbó, aláìsàn àti iṣẹ́ ilé láìgba kọ́bọ̀, àwa obìnrin la sì ń ṣe ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀. Ní London tí ẹ̀gbọ́n wà gan-an, ìjọba ní owó kan tí wọ́n ń pè ní Carer's Allowance, pọ́n-ùn 83.30 lọ́sẹ̀ ni ní 2025, fún ẹni tó bá ń tọ́jú aláìlera fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀ tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ rówó níbòmíì. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ṣé àwọn tó ń gbà á ń fi ìyá wọn ṣòwò ni? Lóòótọ́, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu, àmọ́ ọmọ mẹ́ta ni màmá bí.

Má jà lórí WhatsApp mọ́. Mú ìwé, kọ gbogbo ohun tí o bá ṣe fún ọjọ́ méje sílẹ̀, pẹ̀lú aago ẹ̀, kí o wá bẹ àgbà kan nínú ẹbí tí ẹ̀gbọ́n ò lè pariwo mọ́ kó bá yín pe ara yín jọ lórí fóònù. Iye kan lóṣooṣù tó jẹ́ tìẹ, yàtọ̀ sí owó oògùn, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́yìn náà, ìsinmi, torí ẹ̀yìn tí o fi ń gbé màmá yẹn kì í ṣe irin: kí ẹ̀gbọ́n obìnrin máa wá láti Ìbàdàn ní Sátidé méjì lóṣù, kí ti London sì sanwó ẹni tí á máa dúró ti màmá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ kí o lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ fi òróró sí máṣíìnì yẹn lọ́la, kó má dípẹtà.