Ṣé irọ́ ni fótò iyùn tí mo tún ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ooru Abuja yìí. Gwarinpa ni mò ń gbé. Mo ní táǹkì omi iyọ̀ kan ní pálọ̀, iyùn alààyè (coral) ni mò ń sìn nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹja clownfish méjì. Àwọn iyùn náà ti pọ̀ báyìí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé lára wọn tà. Lóṣù tó kọjá, bàbá kan ní Kaduna rí fótò zoanthus, irú iyùn kan, tí mo gbé sórí status WhatsApp mi. Wọ́n sanwó, mo dì í dáadáa, mo fi rán ẹnìkan tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Idu. Ó dé láàyè. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n pè mí, wọ́n ní ohun tí àwọn rí nínú fótò pọ́n bí ọsàn, ó ń tàn bí iná, ohun tó wà nínú ọ̀rá sì jọ ẹrẹ̀. Wọ́n pè mí ní yahoo boy. Lóòótọ́ mo tún fótò náà ṣe, torí bí fóònù mi ṣe yà á, búlúù ni látòkè délẹ̀. Mo yọ búlúù yẹn kúrò, mo wá fa saturation (bí àwọ̀ ṣe ki tó) sókè díẹ̀. Tí mi ò bá fọwọ́ kàn án, kò jọ iyùn mi. Mo fọwọ́ kàn án, wọ́n ní mo purọ́. Ibo ló yẹ kí n dáwọ́ dúró sí?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o ṣeun. Kí n tó sọ ohunkóhun, iná wo ni bàbá yẹn fi wo ohun tó wà nínú ọ̀rá? Ó kù díẹ̀ kí n búra pé gílóòbù ilé ìdáná ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdajì ìjà yín, gílóòbù yẹn ló dá a sílẹ̀. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ rẹ, a máa dé ibẹ̀.

Ìyá mi kì í ra léèsì lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá dé Wuse Market, oníṣọ́ọ̀bù á ti tan iná funfun gbòò, aṣọ á máa dán yanran. Ìyá mi á kàn gbé e lé èjìká, ó di ìta, wọ́n á na án sí oòrùn. Oníṣọ́ọ̀bù kì í bínú, torí òun náà mọ̀ pé aṣọ kan náà lè ní àwọ̀ méjì. Kò sẹ́ni tó ń pè é lólè nítorí pé iná wà lókè orí rẹ̀. Ọjọ́ tó bá ní kí ẹ má gbé aṣọ jáde ni ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ti iyùn tún le ju ti léèsì lọ. Iyùn pupa tí àwọn ọba ń wọ̀ sọ́rùn, inú egungun rẹ̀ gan-an ni àwọ̀ pupa yẹn wà. Gbé e wọ yàrá, gbé e jáde, pupa ni. Zoanthus tìrẹ ò tilẹ̀ ní egungun. Inú ẹran ara ni àwọ̀ rẹ̀ wà, ọ̀nà méjì ló sì gbà dé ibẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ tó jọ ẹrẹ̀ yẹn, ti àwọn ewé omi tíntìntín ni, tí wọ́n fi ara iyùn ṣe ilé, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un. Èyí tó ń tàn, purotéènì ni: á gba ìmọ́lẹ̀ búlúù wọlé, á sì dá a padà ní àwọ̀ ewé, ọsàn tàbí pupa. Ní 1962 ni Osamu Shimomura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa irú purotéènì bẹ́ẹ̀, èyí tó ń tan àwọ̀ ewé, lára jellyfish. Òun, Martin Chalfie àti Roger Tsien sì gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místrì lórí rẹ̀ ní 2008. Èyí tó pupa ńkọ́? Ara Discosoma ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì gbé e jáde ní 1999. Discosoma yẹn náà ni o, iyùn tó rí bí olú, tí ẹ̀yin onítáǹkì ń gé tà fún ara yín.

Nítorí náà, bí iná táǹkì rẹ bá jẹ́ búlúù, tí púpọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní bíi 450 nanometer, ìyẹn ibi tí búlúù wà, bí ti ọ̀pọ̀ iná LED tí wọ́n ṣe fún iyùn, iyùn á gbiná. Gbé e sábẹ́ gílóòbù rúsúrúsú ilé ìdáná, kò ní rí búlúù tó máa gbà, àwọ̀ ewé omi nìkan ni ojú á máa rí. Tún fi kún un pé ìrìn àjò ti rẹ̀ ẹ́, ó ti pa ẹnu dé, ìdí rẹ̀ nìkan ló kọjú síta. Ẹrẹ̀ tí bàbá rí, òótọ́ ni. Ọsàn tí ìwọ rí, òótọ́ ni.

Ó wá ku fóònù. Lábẹ́ lẹ́ǹsì rẹ̀, àwọn ojú tíntìntín tò síbẹ̀, wọ́n sì fi gíláàsì aláwọ̀ bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú mẹ́rin, méjì ń gba àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń gba pupa, ọ̀kan ń gba búlúù. Bryce Bayer ti Kodak ló gba ìwé àṣẹ lórí ètò yẹn ní 1976, òun náà ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ṣì ń lò. Ká ní garawa mẹ́rin ni wọ́n, tí a gbé wọn sí òjò. Lábẹ́ iná táǹkì, òjò búlúù nìkan ló ń rọ̀. Garawa búlúù á kún, á máa dà sílẹ̀, nígbà tí ti pupa ò tíì bo ìsàlẹ̀. Ohun tó bá ti dà sílẹ̀ ò ṣeé kó mọ́. Ìdí nìyẹn tí fótò rẹ fi dà bí ẹni tú ìkòkò aró lé lórí, tí o ò sì rí ọ̀nà tí ara iyùn gbà pín sí ìka-ìka.

Fóònù tún máa ń méfò. Oòrùn ọ̀sán gangan wà ní bíi 5,500 Kelvin, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀; bó bá ṣe ga tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dà bíi búlúù tó. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, 10,000 ni white balance wọn, ètò tó ń mú kí funfun jẹ́ funfun, ń parí sí. Iná tí wọ́n kọ 14,000 tàbí 20,000 sí lára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé e. Kí o tó rí fótò náà rárá, fóònù ti mú kó dán, ó ti pọ́n etí rẹ̀, ó ti fi àwọ̀ kún un, torí ohun tí wọ́n fi ń ta fóònù nìyẹn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rí i tí ẹnìkan gbé fótò búlúù kírí tó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Fóònù ló bá a fọwọ́ kàn án. Èmi ò ka ìyẹn sí òótọ́ rárá, ọ̀lẹ ni.

Ojú ẹni tó dúró níwájú dígí ni èmi fi ń ṣe adájọ́. Má gbé fótò lọ sínú yàrá, kí o wá máa tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú ohun tí o rántí. Ohun tí o rántí máa ń lẹ́wà ju ohun tí o rí lọ. Gbé àga síwájú táǹkì, din ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù sí ìdajì, pa ètò tó ń mú kó pọ́n lálẹ́. Wo iyùn, wo fóònù, wo iyùn. Bí wọ́n bá ti jọra, gbé ọwọ́ kúrò. Bí fótò bá wá dùn-ún wò ju táǹkì lọ, o ti kọjá ààlà, padà sẹ́yìn. Má sì jókòó pẹ́ jù, torí ojú náà máa ń mọ́ búlúù lára, tó bá yá kò ní kà á sí mọ́. Bọ́ sí baranda fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí o tún padà wá wò ó.

Mo ti jìn sí kòtò yìí rí. Níbi ìgbéyàwó kan ní Lugbe, aṣọ ẹbí wọn jẹ́ àwọ̀ tó wà láàárín ewé àti aró. Iná gbọ̀ngàn ti ba àwọ̀ yẹn jẹ́ nínú fótò. Mo dé ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ó sì ń dára sí i, mi ò mọ̀gbà tí mo gbé e dé búlúù tó mọ́ gaara. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ìyá ìyàwó pè mí: “Photographer, ẹbí ta lẹ yà yìí?” Àwọn ènìyàn fi owó gidi ra aṣọ yẹn. Ọ̀fẹ́ ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Nítorí náà, yíyọ búlúù tí o yọ, mi ò rí ẹ̀bi kankan níbẹ̀. Nǹkan ni o dá padà sí ipò rẹ̀. Saturation ni mo fẹ́ ká jọ jókòó lé lórí. “Díẹ̀” tí o wí yẹn, báwo ló ṣe kéré tó? Ẹ máa ń sọ “díẹ̀” bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìtọ́ ọ wò. Saturation ò mọ èwo ni iyùn, èwo ni òkúta. Gbogbo wọn ló ń gbé sókè. Wo iyanrìn tó wà nísàlẹ̀ fótò rẹ, kí o wo ilà funfun tó wà lára clownfish rẹ. Bí wọ́n bá ti yàtọ̀ sí bí o ṣe ń rí wọn nínú omi, iyùn náà ti yàtọ̀ nìyẹn, ojú ọjà ni kò jẹ́ kí o rí i.

Yíyí hue, ìyẹn irú àwọ̀ gan-an, ni mo kórìíra jù, kí ènìyàn mú iyùn kan ṣoṣo tó jẹ́ àwọ̀ ewé, kó yí i sí àwọ̀ wúrà torí pé wúrà ló ń pawó. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun. Ẹni tó yí hue ti fi osùn kun lékèélékèé kó tó gbé e wá sọ́jà. Bákan náà, bí o bá pa ẹ̀kán omi tó wà lára dígí rẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Bí o bá pa aiptasia, ajẹnirun inú táǹkì, tó hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn rẹ́ nínú fótò, ajẹnirun lo tà fún ẹni ẹlẹ́ni láìsọ fún un. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ̀ kí ẹni tó ń tajà fi àpèjúwe tó lè ṣini lọ́nà ta á, fótò sì ni àpèjúwe rẹ. Tó bá jẹ́ ara ògiri pálọ̀ rẹ lo fẹ́ gbé e kọ́, fi àwọ̀ tó bá wù ọ́ sí i, èmi ò ní bá ọ jà.

Ní tòótọ́, bí o bá yà á dáadáa, àtúnṣe ò ní pọ̀. Ra gíláàsì aláwọ̀ ọsàn tàbí rúsúrúsú tí wọ́n ń há síwájú lẹ́ǹsì fóònù. Á gé búlúù kù kó tó wọlé, garawa ò ní kún àkúnwọ́sílẹ̀. Lo Pro mode (ibi tí wàá ti fọwọ́ ara rẹ ṣètò kámẹ́rà) kí o yà á ní RAW (fótò tí fóònù ò tíì tún ṣe), bí fóònù rẹ bá ní in, kí o sì jẹ́ kí fótò ṣókùnkùn díẹ̀, torí òkùnkùn ṣeé tàn, búlúù tó ti dà sílẹ̀ ò ṣeé kó. Gé ike funfun kékeré kan, irú PVC, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn nínú omi, òun ni wàá fi mú white balance. Pa gílóòbù pálọ̀, fa kọ́tìnì. Pa ẹ̀rọ tó ń ru omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí iyùn yéé jó. Nu dígí nínú àti lóde: lásìkò ọyẹ́ ní Abuja, eruku tó ń bà lé e láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán tó láti sọ fótò di kùrukùru. Kọjú sí dígí gbọọrọ, má dúró ní ẹ̀gbẹ́, torí omi àti dígí máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ á sì máa ya létí. Má sì yà á nígbà tí wọ́n bá mú iná tí ìnfátà rẹ ń gbé iná táǹkì ní ìdajì; irú ìmọ́lẹ̀ yẹn ò jọ ti ojoojúmọ́.

Ohun kan wà tí o ò bi mí, tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ ju àwọ̀ lọ: ìwọ̀n. Ohun tó wà ní 40 sẹ̀ntímítà sínú omi, ojú á rí i bíi pé 30 ló wà. Fi lẹ́ǹsì macro, èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, kún un, zoanthus tí kò tó èékánná á dà bí àwo ọbẹ̀. Gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, fótò méjì ni kí o máa fi ránṣẹ́ fún ọjà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lábẹ́ iná búlúù, ọ̀kan lábẹ́ iná funfun, ní ọjọ́ kan náà. Kọ irú iná tí o lò sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sọ bóyá gíláàsì ọsàn wà níwájú lẹ́ǹsì. Ìyẹn ni kí oníbàárà gbé aṣọ jáde sí oòrùn. Kí o sì sọ fún un kó tó sanwó pé àwọ̀ iyùn lè yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú táǹkì tirẹ̀, bí iná àti oúnjẹ inú omi bá yàtọ̀ sí tìrẹ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí o ò bá sọ ọ́ ṣáájú, àwáwí ni wàá máa sọ lẹ́yìn.

Ní ti bàbá Kaduna, pè wọ́n lónìí, má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Tọrọ àforíjì lórí saturation yẹn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀bi rẹ wà. Bi wọ́n bóyá iyùn ti ṣí ẹnu nínú táǹkì wọn, kí o ní kí wọ́n wò ó lábẹ́ iná búlúù lálẹ́, kí gílóòbù pálọ̀ wà ní pípa. Fi fótò tí o yà lábẹ́ iná funfun ránṣẹ́ sí wọn, láìfa saturation rẹ̀. Bí wọ́n bá rí ọsàn náà, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí wọn ò bá rí i, dá owó wọn padà pátá, kí o sì fi iyùn náà sílẹ̀ fún wọn. Wọn ò gbọdọ̀ tún san kọ́bọ̀ láti fi rán an padà sí Idu.