Wọ́n ní fótò mi "fáyà", àmọ́ kò yàtọ̀ sí ti èṣí

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí l'Ọ́ṣogbo, fótò yíyà kàn wù mí ni, n ò fi ń jẹun. Lọ́dún tó kọjá ni mo ra Canon tòkunbọ̀ kan pẹ̀lú lẹ́ńsì kékeré tí wọ́n ń pè ní 50. Gbogbo Sunday tá a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń gbé e kọ́rùn, màá ya bíi 300, màá kó èyí tó dáa sí status, wọ́n á ní "ó fáyà gan-an", "ìwọ náà ti di onífótò". Àfi bí mo ṣe gbé ti oṣù tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èṣí lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wá rí i pé ojú kan náà ni mo ṣì wà. Ojú èèyàn á dúdú bí èédú, gèlè á gé lókè, àwọn míì á tún ṣe bàìbàì. Ṣé kí n wá owó kámẹ́rà tó jù báyìí lọ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ra kámẹ́rà kankan o, fowó ẹ ra òwú.

Jẹ́ kí n bi ẹ́ ná. Nígbà tó o ń kọ́ṣẹ́, tó o bá rán kọ́là tó wọ́, ṣé "ó fáyà" ni ọ̀gá ẹ máa ń sọ? Ṣebí "tú u" ni. O tú u, o tún un rán, wọ́n tún ní kó o tú u, o sunkún délé, lọ́jọ́ kan ṣá kọ́là jókòó. Nínú fótò o ò ní ẹni tó ń sọ "tú u" fún ẹ, òun nìkan ni ìyàtọ̀. Àwọn ará status ò lè sọ ọ́, ọ̀rẹ́ ẹ ni wọ́n, ara wọn àti aṣọ wọn ni wọ́n sì ń wò.

Ká kọ́kọ́ mú ti ojú tó ń dúdú, torí kò sẹ́ni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ohun tí kámẹ́rà bá rí, ó fẹ́ kó rí bí àwọ̀ eérú, kó má funfun jù, kó má dúdú jù. Tó o bá wá kó ìyá mẹ́fà tó wọ léèsì funfun síwájú ògiri funfun, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù níbí, á wá fa gbogbo ẹ̀ wálẹ̀, léèsì á di eérú, ojú àwọn ìyá á di èédú. Kámẹ́rà olówó ńlá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ. Wá ibi tí wọ́n kọ + àti − sí lára Canon ẹ, gbé e lọ sí +1, ya òmíràn, fi méjèèjì wéra. Tó bá jẹ́ aṣọ dúdú níwájú ibi tó dúdú, ìdàkejì ni, −1. Oòrùn aago 12 náà tún wà níbẹ̀, àárín orí gan-an ló ń ti í wá, ó ń da òjìji sínú kòtò ojú, gèlè tún wá ṣe òrùlé lé e. Kó wọn sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n kọjú síta, kí ìwọ dúró síta. Ó tán.

Tó bá jẹ́ gbogbo fótò ló ṣe bàìbàì, ọwọ́ ẹ ló gbọ̀n. Tó bá jẹ́ ọmọ tó ń fò nìkan, ọmọ ló yára ju bí kámẹ́rà ṣe ṣẹ́jú lọ. Gbé shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣẹ́jú tó, sí 1/125 fún ẹni tó dúró jẹ́ẹ́, 1/500 fún ọmọ tí ò gbélẹ̀. Tí ẹni iwájú bá mọ́ kedere tí tẹ̀yìn ò mọ́, o jẹ́ kí lẹ́ńsì ṣí jù nìyẹn, f/1.8, tó ṣí gbayawu, dáa fún ojú ẹnì kan, tí wọ́n bá ti pọ̀ gbé e lọ sí f/5.6, kó ṣí mọ níwọ̀n.

Ti gèlè, gbé kámẹ́rà lóòró kó o fẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn. Nígbà tí mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ya ìyá tó bí màmá mi, ojú nìkan, mo súnmọ́ wọn dáadáa, gbogbo ìlà ojú wọn ló hàn, inú mi ń dùn. Màmá àgbà gbé e sọ́wọ́, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní "Ẹsẹ̀ mi dà? Ta ló gé mi lọ́wọ́?" Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Àṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó wá wo iṣẹ́ àwọn onífótò ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, kọ ọ́ pé bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń ya fótò nìyẹn: wọ́n á jókòó, wọ́n á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí orúnkún, aṣọ á tẹ́ rẹrẹ. Ẹni tó o gé gèlè ẹ̀ ò ní sọ fún ẹ, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi wé e.

Wàyí o, ìdánrawò. 300 lọ́jọ́ Sunday kan dà bíi kéèyàn gé aṣọ mẹ́wàá láì wọn ẹnì kankan. Gbogbo aṣọ tó o bá rán tán, kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà, ibì kan náà, ya 10 péré, àárọ̀ lónìí, ìrọ̀lẹ́ lọ́la. Lálẹ́, pa 9 rẹ́. Èyí tó kù, kọ ọ́ sínú ìwé tó o fi ń kọ ìwọ̀n: aago mélòó, + àbí −, shutter mélòó, kí ló kù díẹ̀ káàtó. Ọjọ́ 30. Tó bá máa fi di ọjọ́ kẹsàn-án á ti sú ẹ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lo ti máa gbójú kúrò lára aṣọ, tí wàá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé e. J. D. 'Okhai Ojeikere, onífótò kan l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì obìnrin ní 1968, ó ya tó bíi 1,000, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀yìn orí lásán. Irun ṣá, irun ṣá.

Kó o wá wá ẹni tó máa sọ "tú u". Onífótò àtijọ́ kan ò ní ṣàì wà ládùúgbò ẹ. Ra nǹkan mímu dání, tẹ fótò 2 jáde sórí pépà, kì í ṣe 20 nínú fóònù, gbé e fún wọn, kó o panu mọ́. Má sọ pé oòrùn ló pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Má bi wọ́n pé ṣé ó dáa, wọ́n á ní ó dáa kí wọ́n lè máa bá tiwọn lọ. Bi wọ́n pé kí lojú wọn kọ́kọ́ bọ́ sí, kí ni wọ́n máa yọ kúrò níbẹ̀, èwo nínú méjèèjì ni wọ́n máa gbé kọ́ ògiri. Kò sì dandan kó jẹ́ onífótò. Bíríkìlà kan ló wo fótò ilé kan tí mo fi ń yangàn, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ilé yìí ti fẹ́ wó sápá òsì o." Ọjọ́ yẹn ni mo tan ìlà tó ń pín ojú kámẹ́rà, n ò sì tíì pa á di òní.

Tí 30 bá ti pé, fi 2 ránṣẹ́ sí mi. 2 ni mo sọ o.