"Oògùn wo ni kí n lò kí n tó jáde sáré?"

Ìbéèrè: Áńtì Fisiọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 31 ni mí, Basiri níbí l'Ádó-Èkìtì ni mò ń gbé. Ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jáde níléèwé fẹ́ sá eré kìlómítà 10 lóṣù tó ń bọ̀, mo sì ti ń gbára dì láràárọ̀. Àmọ́ tí mo bá ti sá bíi kìlómítà 2 báyìí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi, itan á máa ta mí bí ẹni fi ata pa á, ọkàn mi á wá máa sọ pé "jókòó jàre, ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Ẹ̀gbọ́n kan ní jímù ní kí n máa gbé diclofenac kan mì pẹ̀lú oògùn orí fífọ́ oníyẹ̀fun kí n tó jáde, pé bẹ́ẹ̀ làwọn tó mọ eré sá ṣe ń ṣe é. Èwo ló dáa jù níbẹ̀?

Ìdáhùn: Kò sí o. Kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì.

Àbúrò, ìwọ kọ́ ló ń bí mi nínú. Mo ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí títí ó ti sú mi, àwọn ẹ̀gbọ́n jímù yìí ló ń bí mi nínú, àwọn tí ò mọ ibi tí kíndìnrín wà lára ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ iye oògùn tí ọmọ ọlọ́mọ máa gbé mì.

O bi mí pé oògùn wo, ohun tó yẹ kó o bi mí ni pé kí ló dé tó fi ń rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní kìlómítà 2 péré. Mo lè ta á pé eré àsápajúdé lo fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ajá ń lé. Màá padà síbẹ̀, jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ti oògùn.

Diclofenac, ibuprofen àti aspirin, mọ̀lẹ́bí oògùn apàrora kan náà ni wọ́n. Oògùn orí fífọ́ oníyẹ̀fun tó wọ́pọ̀ ládùúgbò yẹn, ka ara páálí ẹ̀ dáadáa, aspirin àti caffeine ló máa ń wà nínú ẹ̀. Ìyẹn ni pé oògùn méjì tí ẹ̀gbọ́n ní kó o lò, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, o kàn sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láì mọ̀ ni. Wàyí o, tí èèyàn bá ń sáré, ara máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù kí ẹsẹ̀ àti awọ ara lè rí tiwọn gbà, òógùn náà sì ń gbé omi jáde. Kí kíndìnrín má bàa jìyà, ara ní kẹ́míkà kan tó fi ń la ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ sílẹ̀. Prostaglandin lorúkọ ẹ̀, má da ara ẹ láàmú lórí orúkọ. Kẹ́míkà yìí kan náà ló ń jẹ́ kí ibi tó bá ń dunni túbọ̀ máa ta, òun náà ló tún ń dáàbò bo awọ inú ikùn. Oògùn tó o gbé mì ò mọ ti itan yàtọ̀ sí ti kíndìnrín, gbogbo ẹ̀ ló máa dí pa. Ó kàn jẹ́ pé itan nìkan lo máa mọ̀ lára, kíndìnrín kì í pariwo.

Ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ Monday kan, á tó ẹni 40 ọdún. Ó ti gbé irú oògùn yìí méjì mì lọ́jọ́ Sunday, ó wá sáré gba ọ̀nà Ìyìn lọ lọ́sàn-án gangan, kò mu omi. Orúnkún ló ní kí n bá òun wò. Ìyàwó ẹ̀ ló yọ ike omi kan jáde látinú náílọ́ọ̀nù dúdú, ó ní "ẹ tiẹ̀ bá mi wo ìtọ̀ ẹ̀ yìí ná". Ó pọ́n dúdú bí omi sobo. Mi ò fọwọ́ kan orúnkún ẹ̀ rárá, ọsibítù ni mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ló lò lórí dírípù, Ọlọ́run sì yọ ọ́. Mi ò sọ pé oògùn nìkan ló fà á o, oòrùn àti àìmumi náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta yẹn ò gbọ́dọ̀ pàdé ara wọn.

Ohun tó tún wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé oògùn yẹn ò tiẹ̀ ṣe nǹkan tí wọ́n ní ó ń ṣe. Wọ́n yẹ àwọn tó sá Western States wò l'Amẹ́ríkà, kìlómítà 160 ni eré yẹn o, àwọn tó ń lo ibuprofen àtàwọn tí ò lò ó, bákan náà ni ara ṣe ro wọ́n. Ẹni tó bá sì dárúkọ tramadol fún ẹ, sá fún un pátápátá. Ó lè fa gìrì, ó lè dá èémí dúró, àjọ WADA tó ń gbógun ti oògùn líle nínú eré ìdárayá sì ti fòfin dè é lásìkò ìdíje láti January 1, 2024. (Tó bá jẹ́ pé dókítà ló kọ oògùn kan fún ẹ torí àìsàn kan, má torí ọ̀rọ̀ mi dá a dúró, padà lọ bá a pé o fẹ́ máa sáré.)

Ó kù sí eré sísá fúnra ẹ̀. Èkìtì la wà, òkìtì ni wọ́n ní orúkọ wa ti wá, ibi gbogbo ló ga. Bó o bá ń sáré, gbìyànjú kó o ka oríkì ilé yín sókè, tó ò bá lè ka ìlà kan tán láì mí hẹlẹhẹlẹ, eré ẹ ti pọ̀ jù, dín in kù, tó bá jẹ́ orí òkè lo wà, máa rìn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Sá ìṣẹ́jú 4, rin ìṣẹ́jú 1. Ẹ̀gbẹ́ tó ń gún ẹ, ó máa ń pọ̀ lára ẹni tó jẹun tàbí tó mu omi púpọ̀ kó tó jáde, nítorí náà uyán òwúrọ̀ (ẹ̀yin ará ilé mọ̀ mí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é) ò bá eré lọ, jẹ́ kó tó wákàtí 2 sí 3 lẹ́yìn oúnjẹ. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, rọra rìn, tẹ̀ síwájú díẹ̀, fi ìka mẹ́ta tẹ ibẹ̀, kó o máa fẹ́ èémí jáde pẹ́ pẹ́.

Ti ọkàn tó ń ní kó o jókòó, ti gbogbo wa ni, tèmi gan-an máa ń bẹ̀rẹ̀ tí mo bá ti rí òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Má bá a jà. Sọ fún un pé "mo gbọ́, jẹ́ ká dé òpó iná yẹn ná", tó o bá débẹ̀, mú òpó mìíì. Paula Radcliffe, ọmọ Ìlú Ọba tó sá máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti sẹ́kọ́ńdì 25 ní London lọ́dún 2003, kíka 1 dé 100 ló máa ń ṣe nínú ọkàn ẹ̀ tí nǹkan bá le. Eliud Kipchoge, sárésáré ọmọ Kenya, ní tiẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ tí ara bá ń ro ó. Tú ọwọ́ tó o dì yẹn sílẹ̀, sọ èjìká kalẹ̀, wàá rí i pé ara á fúyẹ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n àyà tó ń dunni tàbí tó fún pinpin, òòyì, ibi kan ṣoṣo lójúgun tó ń dùn ẹ́ tó o bá fìka tẹ̀ ẹ́, ìrora tó ń mú ẹ tiro, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpó iná mọ́, dúró, lọ sí ọsibítù. Ẹni tí jínótáìpù ẹ̀ bá jẹ́ SS tàbí AS, kó rí dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Mi ò sì lè fi fóònù wo ẹsẹ̀ ẹ o, bó ṣe jọ létí mi ni mo fi dáhùn.

Ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó o kọ̀wé sí mi. Tó bá jẹ́ pé ìrìn lo máa fi ṣe ìdajì kìlómítà 10 yẹn lóṣù tó ń bọ̀, rìn ín. Ẹ̀gbọ́n jímù yẹn, bá mi kí i, sọ fún un pé mo ní kó wá rí mi, kó sì mú ìtọ̀ ẹ̀ dání.