“Ọmọ mi ti di oníjà, ṣé kí n gbé e lọ sí bọ́dìn?”

Ìyá kan kọ̀wé sí wa láti Ìbàdàn. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 12, JSS2 ló wà. Láti bí oṣù mẹ́rin, ìjà ni oúnjẹ ọmọ náà: ó gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ní kíláàsì, eyín ọmọ ọlọ́mọ mì, ó sì ń fọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin létí nílé. Bàbá ń fi bẹ́líìtì nà án, ìyá ń bẹ̀bẹ̀. Ó wá béèrè bóyá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bà á jẹ́, àbí ayé ló ń ṣe é.

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì di ẹrù bọ́dìn. Ìlà méjì péré lẹ kọ nípa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n odindi ojú ewé kan lẹ kọ nípa alẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ ní kó gbé fóònù wá. Ojú ewé yẹn la fẹ́ bá yín tún kà.

Aago mẹ́sàn-án lẹ sọ fún un. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mọ́mì, ó ku díẹ̀.” Ẹ tún un sọ, ó dákẹ́. Ẹ pariwo, òun náà pariwo. Ẹ nawọ́ sí fóònù, ó ta ilẹ̀kùn nípàá. Ẹ bá ní, “Ó dáa, máa tẹ̀ ẹ́ lọ, má pa mí.” Ilé rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ẹ wo ohun tí kálukú gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin rí ìdákẹ́jẹ́, òun rí fóònù. Ó ti gbìyànjú “ẹ jọ̀ọ́”, kò jẹ́. Ìpàá ló jẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní fi ẹ̀bẹ̀ ṣòfò mọ́. Gerald Patterson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oregon, l'Amẹ́ríkà, jókòó sínú ilé àwọn òbí, wọ́n ń kọ ohun tí òbí ṣe àti ohun tí ọmọ fi dá a lóhùn sílẹ̀ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àyípoyípo yìí gan-an ni wọ́n bá pàdé, tí Patterson sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1982. Ohun tí ọmọ bá fi ṣẹ́gun nílé, kò sí ìdí tí kò fi ní gbé e lọ sí iléèwé.

Ti bẹ́líìtì ńkọ́? Bàbá rẹ̀ á ní wọ́n na òun náà, òun sì dèèyàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgba ń dá ìwà dúró ní ìṣẹ́jú yẹn ni, kì í sọ fún ọmọ ohun tí ì bá ṣe dípò ìjà. Ohun tó rí kọ́ ni pé ẹni tó tóbi jù ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lu èèyàn. Nínú ilé yín, ta ló wá kéré sí òun? Àbúrò rẹ̀ ni.

Ẹ tún ní tí bàbá bá nà án tán, ẹ máa ń bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ká fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra, àmọ́ ọwọ́ ẹnì kan náà ni wọ́n ń wí. Tiyín, bàbá gba ọ̀tún, ẹ̀yin gba òsì, ọmọ wà láàárín, ó ń wo ibi tí ọwọ́ ti rọ̀.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ bàbá lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmọ ò sí nítòsí. Ẹ má sọ pé òun ló bà á jẹ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi bẹ́líìtì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ sọ òfin méjì fún ọmọ: ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ara ẹnikẹ́ni, fóònù á máa sùn ní yàrá yín láti aago mẹ́sàn-án. Ẹ má fi ẹ̀kẹta kún un.

Tó bá ku ìṣẹ́jú 15, ẹ kìlọ̀ fún un. Tí aago bá lù, ẹ rìn lọ bá a, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ẹ dúró. Tó bá gbé e wá, ẹ sọ pé ẹ rí i: “O ṣeun, o gbé e wá láìjà.” Tí kò bá gbé e wá, ẹ má bá a jà á gbà. Ẹ̀yin lẹ ń ra dátà, kò ní sí dátà lọ́la. Ọjọ́ kan ni o, kì í ṣe oṣù kan, torí ẹ ò ní lè mú oṣù kan ṣẹ, ó sì mọ̀.

Yóò kọ́kọ́ le sí i. Tẹ́ ẹ bá juwọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ keje, ẹ ti kọ́ ọ pé ọjọ́ méje ló gbà nìyẹn.

Tó bá lu àbúrò rẹ̀, ẹ yà wọ́n, ẹ má dá ẹjọ́ nínú ìbínú. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ẹ bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, àti ohun tó rò pé àbúrò rẹ̀ ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń tètè jà ni kò gbà pé èèyàn lè ṣèèṣì tẹ òun mọ́lẹ̀; àrífín ni wọ́n máa ń kà á sí. Kó wá fọ àwo tó kan àbúrò rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ti ilẹ̀kùn, kó ran káfíńtà lọ́wọ́, kó sì fi díẹ̀ lára owó ọwọ́ rẹ̀ sí i.

Ẹ ní ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ kì í jà lójú ọmọ, inú yàrá lẹ ti ń ṣe é. Ìyá wa, ògiri yàrá kì í di etí ọmọ ọdún 12.

Ẹ tún wo oorun rẹ̀: wákàtí 9 sí 12 ló yẹ ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó tẹ fóònù di òru, tó jí ní 5:30, kò lè sùn tó ìyẹn. Ẹ sì bi tísà rẹ̀ bóyá wọ́n ń fìtínà rẹ̀, àti ohun tó yí padà ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Bọ́dìn? Rárá. Àwọn sẹ́níọ̀ á kàn gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ bàbá ni. Ní ti ayé, ẹ máa gbàdúrà yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án tàbí dè é lórúkọ ìtúsílẹ̀.

Tó bá ń yọ ọ̀bẹ, tó ń dá ẹranko lóró, tó ní òun fẹ́ kú, tàbí tó jẹ́ pé ìgbà tó forí gbá nǹkan tàbí tí gìrì mú un ni ìjà bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ilé ìwòsàn ńlá UCH tó wà nítòsí yín ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lálaalẹ́, ẹ kọ iye ìgbà tó jà sílẹ̀, àti iye ìgbà tí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ pariwo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ya àwòrán ojú ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, a ó jọ wò ó.