SSD wa kò fojú hàn mọ́: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fi Windows tuntun sí i?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Láptọ́ọ̀pù tí gbogbo wa ń lò nílé ló kó wa sí ìdààmú. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọmọ mi obìnrin ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi jáde yunifásítì lọ́wọ́ nígbà tí iná ọba lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù yìí ti kú tipẹ́, orí iná la máa ń lò ó. Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, "No bootable device" ló kọ sójú. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní SSD rẹ̀, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, ló kú, pé kí òun fi Windows tuntun sí i, bóyá yóò jí. Iṣẹ́ ọmọ mi wà nínú rẹ̀, fọ́tò ìsìnkú ìyá mi náà wà níbẹ̀, a kò sì ní ẹ̀dà kankan. Ṣé kí n gbà fún un? Bí a bá sì ra SSD mìíràn, ṣé a tún máa ra Windows ni?

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má ṣe gbà fún un rárá. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí SSD yẹn, Windows tó fẹ́ fi sí i kò ní rí i. Bí ó bá sì rí i, orí iṣẹ́ ọmọ yín gan-an ni yóò kọ Windows lé. Ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ lórí hard disk àtijọ́ ṣì máa ń wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. SSD kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Windows bá ti pa nǹkan rẹ́, ó máa ń sọ fún SSD pé ibẹ̀ ti ṣófo, SSD fúnra rẹ̀ yóò sì nu ibẹ̀ mọ́ pátápátá. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti fọ́máàtì rẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè bá wọn rí níbẹ̀ mọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ní kí ọmọ yín wo ímeèlì àti WhatsApp rẹ̀. Orí ìwé tó bá ti fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ya fọ́tò ìsìnkú náà bóyá ẹ̀dà tirẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́.

Ó yá, ẹ tan láptọ́ọ̀pù náà, kí ẹ máa tẹ F2 léraléra títí BIOS, ìyẹn ojú ìwé ètò kọ̀ǹpútà tó wà ṣáájú Windows, yóò fi jáde. Bó bá jẹ́ HP, F10 ni. Bí orúkọ SSD àti ìwọ̀n rẹ̀ bá hàn bó ṣe yẹ, ẹ dúpẹ́: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ apá tí Windows fi ń dìde nìkan ló bàjẹ́. Bí ẹ bá rí orúkọ àjèjì bíi "SATAFIRM S11", tàbí ìwọ̀n tí kò tó nǹkan, ọkàn SSD náà ló dàrú. Bí kò bá hàn rárá, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tú ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù, kó yọ wáyà bátìrì, kó sì tú síkúrù kékeré kan ṣoṣo tó di SSD mú. Yóò gbérí fúnra rẹ̀. Kó fà á jáde, kó fi aṣọ gbígbẹ nu etí rẹ̀ aláwọ̀ góòlù, kó tì í padà dé òpin. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ tó ṣe é.

Bí kò bá tíì hàn, ẹ fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ lójú BIOS fún bí ìṣẹ́jú 30, ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Ìdí rẹ̀ rèé. SSD kì í to fáìlì sójú kan. Ó máa ń fọ́n wọn káàkiri, ó sì ní àkọsílẹ̀ ibi tó kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Bí iná bá já nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ó dà bí ìsọ̀ tí ìyálọ́jà ti sọ ìwé ọjà nù: ọjà pé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wà. Bí iná bá wọ SSD láìsí Windows tó ń dà á láàmú, ó lè ráyè tún àkọsílẹ̀ náà tò. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jẹ́. SSD tí wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá sábà máa ń ní kapásítọ̀ tó ń di iná mú kó lè parí ohun tó ń kọ. Púpọ̀ nínú tiwa nílé kò ní i. Bátìrì láptọ́ọ̀pù ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa, tiyín sì ti kú.

Ohun tó kàn ni àpótí USB, kí ẹ lè fi SSD náà sára kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ wo etí rẹ̀ kí ẹ tó ra àpótí: oríṣi SSD méjì ló wà, NVMe àti SATA, àpótí wọn kì í sì sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tí wọ́n gé wọlé lójú kan sábà máa ń jẹ́ NVMe, èyí tí wọ́n gé lójú méjì sábà máa ń jẹ́ SATA. Bí kọ̀ǹpútà kejì bá kọ "You need to format the disk", ẹ tẹ Cancel. Bí ó bá ní "Initialize Disk", Cancel náà ni. Bí ó bá béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker (àgádágodo tí Windows fi ń ti fáìlì pa) tó jẹ́ nọ́ńbà 48, ẹ wọ àkáǹtì Microsoft yín lórí fóònù, ibẹ̀ ló sábà máa ń wà. Bí fáìlì bá yọjú, iṣẹ́ ọmọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kó sórí flash, kí fọ́tò tó tẹ̀ lé e. Ẹ má dúró ṣí ìkankan wò.

Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí pàbó, ó kù sọ́wọ́ àwọn tó ń gba fáìlì là. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní PC-3000, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba fáìlì là, kí ẹ sì bi wọ́n pé èló ni wọn ó gbà bí wọn kò bá rí fáìlì náà. Ẹni tó bá ti ń ṣèlérí kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gba SSD yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti Windows, ẹ kò ní rà á. Bó bá jẹ́ ojúlówó ló wà nínú láptọ́ọ̀pù náà tẹ́lẹ̀, ara mọ́dábọ́ọ̀dù ni ìwé àṣẹ rẹ̀ so mọ́, kì í ṣe ara SSD. Ẹ fi irú Windows kan náà sí SSD tuntun láti orí flash 8 GB, kí ẹ sì fi íntánẹ́ẹ̀tì sí i, yóò dá ara rẹ̀ mọ̀. Owó tí ẹ rò pé Windows máa gbà, ẹ fi ra bátìrì, kí ẹ sì rà á kí ẹ tó tan SSD tuntun náà.